Ẹnì kan ti ká ọ̀nà wa lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí látọjọ́ tí ìwé ìtàn mi ti jáde pé níbo ni mo ti rí ìtàn yìí, ẹ fara balẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe ojú àlá o, iwin kankan ò wá bá mi sọ̀rọ̀ lóru. Bọ́ọ̀sì elérò 18 tó ń lọ sí Òrò láti Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin níbí ni, ọjọ́ Sátidé kan, mo ń lọ wo màmá mi, mo ti ra búrẹ́dì dání, mo ti pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n má wulẹ̀ dáná ọ̀sán, mo ń bọ̀ kíá. Kíá wo?

A ò tíì dé Àjàṣẹ́ tí táyà fi jò, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, a rìn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbóná, wọ́n bu omi sí i, a tún rìn díẹ̀, ó tún kú. Oòrùn ń ta, ọmọ kan ń ké lẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti wọ abẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan là ń rí. Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọn ò tíì la ẹnu látìgbà tá a ti kúrò ní gáréèjì, wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, "Ẹnì kan ti ká ọ̀nà wa lọ."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bàbá?"

Wọ́n ní ṣé mi ò mọ kánàkò ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó dáa, ẹni tó fi kánàkò ká ọ̀nà, tó fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta débi tó yẹ kó rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀nà tó ká yẹn ńkọ́, ibo ló lọ? Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀nà kì í ṣòfò. Ọ̀nà ẹlòmíì ni wọ́n ń tò ó mọ́." Wọ́n wá sùn lọ! Ẹ wo bàbá yìí o, wọ́n sọ gbólóhùn tí ò jẹ́ kí n sùn fún ọdún méjì gbáko, àwọn fúnra wọn gbórí lé fèrèsé, wọ́n ń hanrun.

Bí mo ṣe dé Òrò mo bi màmá mi, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bàbá tó bí wọn ọdẹ ni, tẹ́nì kan bá máa mọ̀ ọ́n, ilé wa ló yẹ kó ti jáde. Mo tún bi ọdẹ méjì míì ládùúgbò, ọ̀kan ní bàbá yẹn fi mí ṣeré ni, ìkejì ní bóyá wọ́n ti mu nǹkan kí wọ́n tó wọkọ̀. Inú mi wá dùn gan-an. Torí tí kò bá ti sí nínú ìtàn ẹnikẹ́ni, á jẹ́ pé tèmi ni.

Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kánàkò ni oògùn tí wọ́n ní àwọn ọdẹ àti ológun máa ń lò láyé àtijọ́, ó ń ká ọ̀nà bí ẹni ká ẹní, ọ̀nà jíjìn á di kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni egbé, ìyẹn ní tiẹ̀ á kàn gbé èèyàn kúrò lójú ewu ni, kò tiẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Àféèrí wà, ẹni tó bá lò ó wọn ò ní rí i. Òkígbẹ́ wà, àdá ò ní ran ara ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ti wo sinimá tó pọ̀, ẹ mọ̀ wọ́n.

Wàhálà tí àwọn oògùn yìí ti kó mi sí ṣáájú ọjọ́ bọ́ọ̀sì yẹn ò kéré. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń gbìyànjú àtikọ ìtàn, akíkanjú mi sì máa ń ní gbogbo oògùn pátá, mi ò ṣahun. Ọ̀tá yọ, ó fi àféèrí, ó pòórá. Wọ́n ká a mọ́, egbé gbé e. Wọ́n ṣá a, kò ràn án. Ojú ìwé 12, ìtàn tán, kò sí nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ sí i mọ́, èmi tí mò ń kọ ọ́ gan-an ó sú mi. Mo rò pé mi ò lẹ́bùn ni. Àṣé èèwọ̀ ni mo gbàgbé. Ẹ tún lọ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, kò sóògùn tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, èyí ò ní jẹ́ kó o jẹ ilá, èyí ò fẹ́ kí òjò pa ẹ́, èyí, tí wọ́n bá ti fi omorogùn kàn ẹ́ báyìí ó ti bàjẹ́. Jagunjagun tí ọta ò wọ̀ lára, omorogùn ìyàwó ẹ̀ ló ń sá fún! Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà, nídìí omorogùn.

Bàbá inú bọ́ọ̀sì wá fi tiwọn lé e, pé gbèsè oògùn yìí, ẹni tó lò ó kọ́ ló máa san án, ẹlòmíì tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa san án. Ìyẹn ló di ìwé. Ọmọkùnrin kan jogún kánàkò bàbá ẹ̀, ó ń fi jíṣẹ́ fún ọba, àárọ̀ ó wà ní Ìlọrin, kí ẹ̀kọ tó tutù ó ti dé Bàdágìrì, gbogbo ìlú ń yìn ín, àmọ́ ìyá kan kúrò nílé lọ́jọ́ kan, ó ń lọ sọ́jà Àjàṣẹ́, ọ̀nà tí ò ju kìlómítà márùn-ún lọ, ó ń rìn, ó ń rìn, kò dé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rà á.

Ẹ tún ń bi mí pé, àwọn èèyàn òkúta inú ìwé náà ńkọ́? Èsìẹ́ ni jàre, mi ò fi pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ti Ìlọrin lọ, ẹ máa gba Àjàṣẹ́, ẹ gba Òrò, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ (kì í ṣe Èkó o, kì í ṣe Ìbàdàn, tiwa ni!). Ère inú ẹ̀ lé ní 800, òkúta rírọ̀ kan tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọkùnrin wà, obìnrin wà, oríṣiríṣi irun dídì, ilà ojú, àwọn kan mú àdá dání, àwọn kan gbé apó ọfà, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí. Títí dòní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní àlejò ni wọ́n, pé àwọn àlejò kan ló wá sílùú tí wọ́n di òkúta.

Prámárì 5 ni mo wà nígbà tí wọ́n kó wa lọ. Tíṣà ń ṣàlàyé, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, ojú mi ti wà lára obìnrin kan tórí ẹ̀ ti kán, torí ọ̀pọ̀ wọn lorí ẹ̀ ti kán, ó jókòó, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán, ó gbọ́wọ́ lé itan. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé àwọn èèyàn yìí ń dúró de mọ́tò ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, tíṣà na àwa méjèèjì. Ó lé lógún ọdún lẹ́yìn ẹ̀ tí mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó kú létí Àjàṣẹ́, mo wẹ̀yìn, mo rí àwọn tá a jọ wọkọ̀, gbogbo wọn ti lọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n gbọ́wọ́ lé itan, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ara mi ṣe gìrì.

Ti bàbá mi, ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ibẹ̀ ni àwọn àlùjọ̀nnú inú ìwé ti wá. Ẹ mọ oríkì wa, Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tó tóbi tó báyìí tí ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. (Ẹ rántí ọ̀kọ̀ yẹn o, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.) Àárín ìlú tí ò léégún àti ilẹ̀ Ìgbómìnà tí eégún Ẹléwe ti ń jó ni mo ti dàgbà, ọdún kan ṣoṣo mo lè sá fún eégún lọ́dọ̀ màmá kí n sì tún sá fún àlùjọ̀nnú lọ́dọ̀ bàbá. Ẹnu àwọn áàfáà la ti ń gbọ́ ìtàn àlùjọ̀nnú, níbi wáàsí, pàápàá lóṣù ààwẹ̀, bí Ànábì Sulaiman ṣe kó wọn ṣiṣẹ́ bí ẹni kó lébìrà, inú wa á dùn, àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa dá nìkan lọ tọ̀ lóru?

Àwọn kan ti fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé ẹbọ ni mò ń kọ. Mo rí i, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti áàfáà kan ládùúgbò wa. Mo kọ àlùjọ̀nnú kan sínú orí 6 tó ń gbé nínú odò, òtútù ń mú un, ó ń gbọ̀n. Áàfáà kà á lórí sítátọ́ọ̀sì mi, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n fẹ́ bá mi wí. Wọ́n ní rárá, àwọn mọ̀ pé ìtàn ni, àmọ́ iná tí ò léèéfín ni Ọlọ́hun fi dá àlùjọ̀nnú, Àlùkùránì ló sọ bẹ́ẹ̀, báwo ni òtútù á ṣe wá máa mú iná? "Tó o bá máa parọ́, jẹ́ kó bára mu." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo yọ ọ́ kúrò nínú odò, mo fi í sínú iná àgbẹ̀dẹ, ó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má retí tábìlì àti kọfí. POS ni mò ń ṣe ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, agboorùn ńlá kan, àga méjì, kò jù bẹ́ẹ̀. Fóònù ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, fóònù tí gíláàsì ẹ̀ ti là lápá òsì, tí lẹ́tà A ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, ẹ sì mọ iye A tó wà nínú Yorùbá. Lẹ́yìn àsùbá ni àkókò mi, kí àwọn ọmọ tó jí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ilé pa rọ́rọ́, nẹ́pà gan-an máa ń ṣàánú wa nígbà yẹn. Ọ̀sán tí kọ́sítọ́mà ò bá sí mo lè fi ìlà méjì mẹ́ta kún un. Ọjọ́ tó bá dáa mo lè kọ ọ̀rọ̀ 500, ọjọ́ míì 60, ọjọ́ míì mo kàn jókòó ti èyí tí mo kọ lánàá mo ń pa á rẹ́. Ọjọ́ kan wà tí oòrùn ti ń wọ̀ lórí ìyá inú ìtàn yẹn, kò mọ̀ bóyá kó padà sílé tàbí kó máa lọ, èmi náà ò mọ̀, ni ẹnì kan bá ní òun fẹ́ gba 2,000, mo ka 20,000 fún un. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é, ó dá a padà, ó ní, "Àǹtí, ṣé ara yín yá?" Látìgbà yẹn mi ò kọ nǹkan kan níṣọ̀ mọ́ níparí oṣù táwọn òṣìṣẹ́ bá gbowó.

Gbogbo ohun tí mo bá kọ mo gbọ́dọ̀ kà á sókè. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ni adájọ́. Kì í sọ pé kò dáa, á kàn ní, "Màámi, ṣé ẹ lè fò ó?" Ibi tó bá ti ní kí n fò mo máa ń gé e ni. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní kí n fò ó, gbogbo ẹ̀ pátá, ibi tí mo ti ń ṣàpèjúwe ààfin, ibi tí mo ti ka ìran ọba láti baba ńlá dé ọmọ. Mo bínú fún ọjọ́ méjì, mi ò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, mo wá gé e. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí mo kọ ọ́ dé ìdajì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp lálaalẹ́. Wákàtí 24 ló ń lò níbẹ̀ kó tó lọ, àwọn tí ò tètè rí i á máa bẹ̀ mí pé kí n tún un gbé. Kọ́sítọ́mà POS ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnì kan wá gba 1,000 tí ò nílò, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá yẹn ti dé ọjà ni. (Mo gba ṣáàjì mi ṣá o.)

Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta tó ń tẹ ìwé jáde. Ọ̀kan ò fèsì títí dòní. Ìkejì ní ó dáa, kí n lọ mówó wá, iye tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé mi fún ọdún kan. Ìkẹta ló sọ tinú ẹ̀, wọ́n ní ìwé Yorùbá tí ò bá sí lórí sílábọ́ọ̀sì ilé ìwé kì í tà, àti pé fántásì yẹn nǹkan òyìnbó ni, àwọn tó ń ka Yorùbá ò wá irú ẹ̀. Apá àkọ́kọ́ mi ò lè bá wọn jiyàn. Apá kejì ló bí mi nínú. 1938 ni ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde, ọdẹ wọ inú igbó tí iwin àti ẹbọra kún bámúbámú, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn bàbá wa kà á nílé ìwé wọ́n sì ń kà á fún ara wọn lálẹ́. Òyìnbó wo ló wà níbẹ̀?

Ó bọ́ sí àkókò tí àjọ kàn mí, mo kó o, ₦400,000. Ọkọ mi rò pé fíríìjì la fẹ́ fi rà. Tíṣà Yorùbá kan tó ti fẹ̀yìn tì bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀, wọ́n gba 40,000, mo ní kí wọ́n bá mi dín in, wọ́n ní àmì ò ní ẹ̀dínwó. ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ò le, National Library ló ń fúnni, nọ́ńbà 13 ni, ti Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, òfin sì ní kí n kó ẹ̀dà 3 fún wọn tí ìwé bá jáde. 360,000 tó kù ni mo kó fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 200, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ wo ẹ́ yìí. Lójú tiwa lẹ́tà kan ni pẹ̀lú àmì lórí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ẹ wà lọ́tọ̀, àmì òkè wà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló máa gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, tí fọ́ǹtì ò bá mọ Yorùbá àmì á lọ jókòó síbi tó wù ú, tàbí kó di bọ́ọ̀kìsì òfìfo. Àwọn tó ń tẹ̀wé ṣí fáìlì mi sórí ẹ̀rọ tiwọn, fọ́ǹtì mi ò wù wọ́n, wọ́n fi èyí tó rẹwà sí i, nígbà tí bọ́ọ̀kìsì wá ń yọ, ẹnì kan jókòó ó pa gbogbo àmì rẹ́ kó lè mọ́ lójú. Wọ́n ní kí n wá wo ẹ̀dà àkọ́kọ́. Mo ṣí i. Oríkì Ìlọrin tí mo fi ṣíwájú ìwé, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ti di oko. Ojú ìwé 41 tí ológun ti ju ọ̀kọ̀ lu àlùjọ̀nnú, ó ti ju oko. Ẹ̀yin náà ẹ fi àmì tó bá wù yín sí i, ó lè jẹ́ pé oko tí wọ́n ń ro ló jù, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀ elérò 18, ó sì tún lè jẹ́ nǹkan kan tí mi ò lè kọ síbí torí wọ́n máa kà á fún màmá mi. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á, wọ́n ní, "Ṣé èmi ni wọ́n ń jù báyìí?"

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n tíì tẹ̀, Alihamdulilahi. Ọmọ Unilorin kan tó máa ń gbowó lọ́dọ̀ mi ló gbà mí, ó fi fọ́ǹtì Noto Serif tó mọ Yorùbá tún gbogbo ẹ̀ tò, ó sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú ẹ̀, ó ní kí n sọ fún wọn pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀ kí wọ́n dá owó mi padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá, ẹ má gbé Word fún ẹnikẹ́ni, PDF ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Mo ti ta 118, ₦3,500 ni ọ̀kan, abẹ́ agboorùn ni mo ti ta èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó wá gbowó á rí ìwé, á ní kí ni èyí. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, OkadaBooks ni mo ti fọkàn sí látijọ́ àmọ́ wọ́n ti kógbá wọlé ní 2023, mo gbé e sórí Selar tí wọ́n ti ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 31 ló ti lọ níbẹ̀. Àwọn ẹbí ló kó èyí tí wọn ò san. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan gba 4, wọ́n ní àwọn ń bá mi polówó ẹ̀.

Bàbá inú bọ́ọ̀sì, mi ò mọ orúkọ wọn. Àjàṣẹ́ ni wọ́n sọ̀ sí, wọ́n ní kí n kí ilé. Mo ti lọ sí Ọ̀fà Garage lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo bi àwọn dẹ́rẹ́bà, wọ́n ní bàbá arúgbó wo, ṣé bàbá arúgbó kan ló ń wọkọ̀ ni. Ẹ̀dà wọn wà nílé, mo fi náílọ́ọ̀nù wé e.

Màmá mi ò mọ̀wé kà. Ọmọ àbúrò mi ló ń ka ìwé náà fún wọn ní Òrò, orí kan lálẹ́ ọjọ́ kan, tó bá tó àkókò wọ́n á ti pa rédíò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kà á parí wọ́n pè mí. Wọn ò kí mi.

Wọ́n ní, "Ìyá yẹn, ṣé ojú ọ̀nà náà ló ṣì wà?"

Mo ní ìwé kejì ni, màmá, ó máa délé nínú ìwé kejì, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Wọ́n ní kí n tètè ṣe é, ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún.